YÍYAN RÉDÍÒ ALÁGBÈÉKÁ FÚN ÌGBÀ TÍ INÁ MÀNÀMÁNÁ BÁ LỌ

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ kan ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé yìí. Kì í ṣe ọkọ́, kì í ṣe àdá, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn. Rédíò kékeré tí a lè gbé lọ sí oko ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka rédíò sí ohun ìgbádùn lásán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí iná bá lọ, tí fóònù bá kú, tí òjò sì ń rọ̀ láìdáwọ́dúró, rédíò ni ó lè sọ fún yín bóyá kí ẹ jókòó sílé tàbí kí ẹ tètè kó ẹrù yín kúrò ní etí odò. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú níbí ni pé rédíò tí ó dára fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ohun ọ̀ṣọ́ pọ̀ jù lára rẹ̀. Èyí tí ń gbọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò agbègbè yín ketekete ní abúlé yín gan-an ni, tí ó sì ń jẹ irú oúnjẹ tí ẹ lè rí fún un níbẹ̀.

1. ÌDÍ TÍ RÉDÍÒ FI YẸ ILÉ ÀGBẸ̀

Ní ọdún 2024, gbogbo okùn iná ìjọba Nàìjíríà dákú lọ́pọ̀ ìgbà, tí ìlú ńlá àti abúlé sì wà nínú òkùnkùn ní àkókò kan náà. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbára lé. Ẹ rántí pé iná ni ó ń gbé fóònù ró ní ìhà méjèèjì. Bátìrì tí ó wà nínú fóònù kò ní pẹ́ tán. Òpó tí fóònù ń bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ń lo iná ìjọba, tàbí jẹnẹrétọ̀, tàbí bátìrì. Bí dísẹ́lì bá tán nídìí òpó náà, tí omi sì ti gé ọ̀nà tí a ó fi gbé òmíràn lọ, fóònù yín lè kún fún iná kí ó má sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ti rédíò yàtọ̀. Òpó kan ṣoṣo ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lè bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn olùgbọ́ tilẹ̀ pọ̀ bí eṣú, ohùn rẹ̀ kò dín kù, ẹni tí ń gbọ́ kò sì san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ojú ti rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá tún rọ̀ ní ìlú kan náà. Àwọn tí ó kú lé ní 100, afárá wó, omi sì gbá ẹja lọ nínú ọgbà ẹja Yunifásítì Ìbàdàn.

Ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn, ewu náà tún ní ọ̀nà mìíràn tí ó ń gbà wá. Ìsédò Ọ̀yán, tí a parí ní ọdún 1983, ni ó sé omi odò Ọ̀yán tí ń ṣàn wọ inú odò Ògùn. Nígbà tí adágún rẹ̀ bá fẹ́ kún jù, àwọn aláṣẹ a máa ṣí omi sílẹ̀, kí ìsédò náà má baà bàjẹ́. Omi yìí ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ìhà Ìṣẹrí àti ọ̀sà Èkó. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó gbin ẹ̀fọ́ sí àkùrọ̀ ní etí odò lè má rí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run rárá, kí omi sì dé bá a lójijì. Ojú kò lè rí irú ewu bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Etí nìkan ni ó lè gbọ́ ọ. Àwọn àgbà sì ní, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Kì í ṣe ọjọ́ ewu nìkan ni rédíò wúlò. Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa ìgbà tí òjò yóò fìdí múlẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, tí àjọ NIHSA náà sì ń sọ àwọn ibi tí omi lè yalé. Àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ pé òjò àkọ́kọ́ kò tíì fìdí múlẹ̀ kò ní sáré da àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀dá tó wá pa á.

2. ILÉ-IṢẸ́ RÉDÍÒ WO NI Ó DÉ ABÚLÉ YÍN?

Ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹ tó lọ sí ọjà. Lára rédíò, ẹ ó rí lẹ́tà FM, MW tàbí AM, àti SW. Ọ̀nà mẹ́ta tí ohùn ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n.

FM ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò wa ń lò lónìí. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ó ń rìn bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, gbọnrangandan. Bí òkè bá dí i lójú, kò lè yí i ká dáadáa. Ìdí nìyí tí abúlé tí ó wà ní àfonífojì láàárín àwọn òkè Èkìtì tàbí Ìdànrè fi lè má gbọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò jìnnà sí i. MW ń rìn jìnnà ju FM lọ, pàápàá ní òru. SW lè ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé omi ti ń bọ̀ ní odò yín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ FM tí Radio Nigeria dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tí ó yẹ kí ẹ wá: Amuludun FM 99.1 ní Ìbàdàn, Paramount FM 94.5 ní Abẹ́òkúta, Gold FM 95.5 ní Iléṣà, Positive FM 102.5 ní Àkúrẹ́, àti Progress FM 100.5 ní Adó-Èkìtì. Ilé-iṣẹ́ rédíò ti ìpínlẹ̀ yín náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ẹ yá rédíò aládùúgbò, ẹ gbé e dé abúlé àti oko, ẹ sì kọ nọ́ńbà méjì tí ó ń dún dáadáa jù lọ sílẹ̀. A sọ pé méjì, nítorí pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì lè máa sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún rédíò tí ó ti òkè òkun wá. Bí ọmọ yín ní Amẹ́ríkà bá fi rédíò ìgbà ìpọ́njú ránṣẹ́, ẹ lè rí lẹ́tà WB lára rẹ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí wà fún, kò sì ní gbọ́ ohunkóhun fún yín níbí. Bí rédíò náà bá jẹ́ ti iná 120 volt nìkan, ẹ má ṣe kì í mọ́ iná tiwa, nítorí pé yóò jó. Ẹni tí ó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì lè ra èyí tí a kọ DAB sí. Kí ó rí i dájú pé FM wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ti tòkunbọ̀ láti Japan, FM rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 76, tí ó sì ń parí sí 90 tàbí 95. Irú rẹ̀ kò lè gbọ́ 99.1 láéláé, bí ó ti wù kí ó dára tó. FM tí ó yẹ wá ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 88 dé 108.

3. OÚNJẸ WO NI RÉDÍÒ NÁÀ Ń JẸ?

Ní ọdún 1939 ni asọ̀rọ̀mágbèsì olókùn dé Ìbàdàn. Àpótí kan ni, tí a fi okùn so mọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń sọ̀rọ̀, bí okùn bá sì já, àpótí a dákẹ́. Rédíò alágbèéká tí a fi tiransisítọ̀ ṣe, tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1954, ni ó já ìdè yẹn. Ohun tí a ń wá lónìí náà nìyẹn: rédíò tí kò ní dákẹ́ nítorí pé okùn kan já ní ibi tí ó jìnnà sí wa. Oúnjẹ mẹ́rin ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ lè jẹ.

Èkínní, bátìrì tí a ń rà ní ìsọ̀. Ànfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè tọ́jú òmíràn pamọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀. Ẹ ra rédíò tí ń lo irú bátìrì tí ìyá alátẹ ní abúlé yín ń tà.

Èkejì, bátìrì inú rédíò tí a ń fi iná sí, tí okùn fóònù lè fún ní iná. Ó dín owó kù, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni ẹ ó fi kún un?

Ẹ̀kẹta, pánẹ́ẹ̀lì kékeré tí ń gba agbára oòrùn. Ó dára ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi sọ́kàn pé ọjọ́ tí omi ń yalé kì í sábà jẹ́ ọjọ́ oòrùn.

Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ tí a fi ń yí i bí ẹni ń yí ẹ̀rọ ìlọta. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Trevor Baylis, ni ó sọ irú rédíò yìí di olókìkí. Ní ọdún 1991 ni èrò náà wá sí i lọ́kàn, lẹ́yìn tí ó wo ètò kan lórí tẹlifíṣọ̀n nípa àrùn éèdì ní Áfíríkà, níbi tí ìkìlọ̀ kò ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní iná tàbí owó bátìrì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ọjà nísinsìnyí, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ni ọwọ́ náà ń fún ní iná. Bí a bá yí i fún ìṣẹ́jú kan, a lè gbọ́ ìròyìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ má ṣe retí pé yóò kún fóònù fún yín.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí rédíò yín ní ọ̀nà méjì ó kéré tán, kí bátìrì tí a ń rà ní ìsọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oòrùn àti ọwọ́ yíyí dára bí àfikún, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wọ́n ṣe òpómúléró.

4. WÁKÀTÍ MÉLÒÓ NI YÓÒ FI SỌ̀RỌ̀?

Ẹ ka bátìrì sí kẹ́ẹ̀gì epo, kí ẹ sì ka rédíò sí àtùpà tí ń fa epo náà. Lára ọ̀pọ̀ bátìrì tí a ń fi iná sí, ẹ ó rí nọ́ńbà kan àti lẹ́tà mAh. Ìwọ̀n epo inú kẹ́ẹ̀gì nìyẹn. Iye tí rédíò ń fà, mA ni a fi ń kọ ọ́. Bí ẹ bá pín ti àkọ́kọ́ sí ọ̀nà iye ti èkejì, ẹ ó mọ iye wákàtí.

Bí bátìrì bá jẹ́ 1,000 mAh, tí rédíò sì ń fa 100 mA nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ sókè, wákàtí 10 ni. Bí ẹ bá dín ohùn kù, tí ó wá ń fa 50 mA, ó di wákàtí 20. Bí bátìrì ńlá oníwọ̀n D bá ní 4,000 mAh, rédíò tí ń fa 50 mA yóò sọ̀rọ̀ fún wákàtí 80. Bí ó bá jẹ́ èyí tí a kọ alkaline sí, tí ó ní 10,000 mAh, ó di wákàtí 200. Ẹ kíyè sí i: bátìrì méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn nínú rédíò kì í sọ iye yìí di ìlọ́po méjì. Títì ni méjèèjì jọ ń ti iná náà pẹ̀lú agbára, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn méjì ti ń ti ọkọ̀ kan.

Ìmọ̀ kan tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń tan rédíò fún ìṣẹ́jú 15 péré ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, wákàtí 2 ni yóò fi sọ̀rọ̀ lójúmọ́. Bátìrì oníwákàtí 10 tí a sọ níṣàájú yóò wá tó ọjọ́ 5. Ẹni tí ó fi í gbọ́ orin láti àárọ̀ yóò ti pa á kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nípa ti oòrùn, bátìrì 1,000 mAh tí ó jẹ́ 3.7 volt ń gba agbára tí ó tó 3.7 watt fún wákàtí kan. Pánẹ́ẹ̀lì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdajì watt, bí ó bá rí oòrùn tí ó mú fún wákàtí 5, 2.5 ni yóò mú wá, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì ṣòfò lọ́nà. Nítorí náà, ọjọ́ méjì tí oòrùn mú dáadáa ni yóò gbà kí ó tó kún. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé wákàtí kan ti tó, ẹ ní kí ó ṣe é lójú yín.

5. BÍ A TI Ń DÁN RÉDÍÒ WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Ẹ mú bátìrì tiyín lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì mú nọ́ńbà méjì tí ẹ kọ sílẹ̀ dání. Kí ẹ ṣe báyìí:

(a) Ẹ na irin ẹ̀ríálì sókè, ẹ wá ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Ẹ tún ti irin náà wọlé, kí ẹ wò ó bóyá ohùn ṣì ń wá.

(b) Ẹ gbé ohùn sókè dé òpin. Bí ọ̀rọ̀ bá fọ́ tí a kò mọ ohun tí a ń sọ, kò ní wúlò nínú ariwo òjò lórí páànù. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe orin. Orin a máa bo àbùkù mọ́lẹ̀.

(d) Ẹ di ojú, kí ẹ sì tan án, kí ẹ gbé ohùn sókè, kí ẹ sì pa á. Òru ni ẹ ó lò ó jù. Èyí tí ó ní kókó tí a ń yí rọrùn fún àgbàlagbà. Bí ẹ bá ti rí ilé-iṣẹ́ yín, ẹ fi ọ̀dà kín-ín-kín sàmì sí i.

(e) Ẹ ṣí ilé bátìrì. Kí irin tí ń di bátìrì mú le dáadáa, kí ó má sì dípẹtà.

(ẹ) Bí ó bá ní iná tọ́ọ̀ṣì tàbí ibi tí a ń fi orin pamọ́ sí, ẹ rántí pé láti inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ni gbogbo wọn ti ń mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn pé ẹ ó gbé e lọ sílé fún ọjọ́ kan. Rédíò tí ń kọrin gbọnmọ-gbọnmọ ní Dùgbẹ̀ lè máa hán ní abúlé yín. Bí FM kò bá dún dáadáa nínú ilé onípáànù, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé tàbí sí ibi gíga. Ti MW, ara rédíò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yí sí ọ̀tún tàbí sí òsì, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹ̀ríálì MW wà.

6. IṢẸ́ ẸGBẸ́

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Bí owó rédíò kan bá wúwo fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ lè ra méjì tàbí mẹ́ta. Kí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà, kí bátìrì ọ̀kan lè wọ inú èkejì. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ohun ìní ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Rédíò tí ń sọ̀rọ̀ sí etí ẹnì kan ṣoṣo kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ yan olùgbọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, pàápàá láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá. Kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ ilé-iṣẹ́ rédíò, àti ohun tí wọ́n gbọ́. Ohun tí a sọ ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Bí àyè bá wà, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ kejì, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a kúrò ní etí odò, ẹ má ṣe dúró de ẹ̀rí kejì. Ẹ ti pinnu ṣáájú ẹni tí yóò lu agogo, ẹni tí yóò lọ sí àwọn ahéré tí ó jìnnà, àti ilé tí ó wà ní òkè tí àwọn arúgbó àti ọmọdé yóò lọ. Ní gbogbo ìpàdé oṣooṣù, kí a tan rédíò náà lójú gbogbo ènìyàn.

7. ÌTỌ́JÚ

Bí ẹ kò bá ní lo rédíò fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ bátìrì kúrò nínú rẹ̀, kí omi bátìrì má baà jẹ ẹ́ nínú. Ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, rédíò lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀, kí ẹ sì so ó kọ́ sí ibi tí omi kò lè dé. Ẹ má ṣe da bátìrì tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó. Ẹ má ṣe sá bátìrì tí ó ti kú sí oòrùn pé kí ó lè jí, nítorí pé yóò jò. Ẹ má ṣe jù ú sínú iná, odò tàbí oko. Èyí tí a ń fi iná sí, ẹ kún un lẹ́ẹ̀kan ní oṣù méjì-méjì, kódà bí ẹ kò bá lò ó, nítorí pé bátìrì tí a gbàgbé a máa kú sínú àpótí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ilé-iṣẹ́ rédíò méjì wo ni ó ń dún ketekete jù ní abúlé wa, ní ọ̀sán àti ní òru?
2. Irú bátìrì wo ni a lè rí rà láìjáde kúrò ní abúlé wa, mélòó ni a sì ti tọ́jú pamọ́?
3. Bí iná bá lọ lónìí, wákàtí mélòó ni rédíò wa lè fi sọ̀rọ̀? Ọjọ́ mélòó ni, bí a bá ń ṣọ́ ọ lò?
4. Ta ni ń gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Bí ó bá gbọ́ ìkìlọ̀ ní agogo méjì òru, ẹnu ọ̀nà ta ni yóò kọ́kọ́ kàn?